Kásẹ́ẹ̀tì Kéwú Bàbá Mi

Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ kéré débi pé bí oníbàárà bá wọlé, èmi ní láti bọ́ síta kí ó tó ríbi dúró. Rédíò ló ń tún ṣe níbẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó sì tún máa ń gba orin àti wáàsí sórí kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó bá fẹ́ rà. Èmi ni mo ń kọ àkọlé sára kásẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ìkọ̀wé tirẹ̀, kí Ọlọ́hun má bínú sí mi, bí ibi tí adìẹ tanlẹ̀ sí ni.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí. Àwọn tó máa ń ra rédíò tuntun tẹ́lẹ̀ ti ń fi okùn rọ́bà so ti àtijọ́ pọ̀. Ìyẹn ì bá dára fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe, àmọ́ ohun èlò tí à bá fi tún un ṣe náà kò ṣeé rà. Kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń mú wa jẹun, òun náà sì ti ń bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Wáàsí tí a bá gbà lónìí, tó bá di ọ̀la, o ó máa gbọ́ ọ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì náà. Wọn á ra ẹyọ kan lọ́wọ́ wa, wọn á lọ dà á kọ, wọn á wá máa tà á ní ẹ̀dínwó. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń gbé wọn ṣépè lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ni ọkọ mi bá ní, "Kí ló ń bí ọ nínú tó báyìí? Ṣé bàbá rẹ ló ṣe wáàsí náà ni?"

Ó fi ṣeré ni. Bàbá mi kò ṣe wáàsí rí láyé rẹ̀. Ó ní ojú máa ń ti òun níwájú èrò. Iléékéwú ló ní, lábẹ́ igi odán iwájú ilé wa ní Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ kéékèèké ló sì máa ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tó mú kí n rántí ọ̀rọ̀ yẹn padà ni ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó. Ó gbé rédíò wá fún àtúnṣe, ó sì jókòó dè é. Nígbà tí ọkọ mi jáde lọ wá wáyà, ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ dákun, ṣé ẹ ò ní kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní ohun tí à ń kà lórí ìrun?"

Mo ní a ò ní. Mo bi í léèrè ẹni tó fẹ́ rà á fún.

"Èmi náà ni. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀ tí mo ń dìde, ẹnu lásán ni mo ń jù. Mo dé iléékéwú lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ tí mo lè bí ìyá wọn ń fi mí rẹ́rìn-ín. N ò padà débẹ̀ mọ́."

Kò wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún ọkọ mi pé mo ti rí ọjà tí a ó tà. Ohun tí ẹnì kan mọ̀, tí ẹlòmíràn fẹ́ mọ̀, tí ojú sì ń tì í láti béèrè, ọjà gidi ni. Kò ní láti jáde ní gbangba lọ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ áfáà kankan. Á gbé e sílé, á ti ìlẹ̀kùn, á kọ́ ọ. Ọkọ mi ronú sí i, ó ní ó dára, ó ní ta ni yóò wá kà á? Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ bi mí bóyá bàbá mi ló ṣe wáàsí."

Ni a bá wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́.

Bàbá mi gbọ́ wa tán, ó rẹ́rìn-ín. Ikọ́ ti ń ṣe é láti ìgbà ọyẹ́, ó sì máa ń fi ẹ̀rín pa á mọ́ra. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè kì í ṣe èrè. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì wo ni a fẹ́ lò? Ọkọ mi, tí kì í purọ́, ní a máa ń ra àwọn tí wọ́n ti lò rí, a ó sì gba tuntun lé e lórí.

"Kí ló wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Fújì ni, Bàbá."

"Ṣé orí fújì ni ẹ fẹ́ kí n tẹ́ Fátíhà sí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a lẹ́kun. "Àna mi, ẹ lọ wá òfìfo."

Òfìfo wọ́n bí ojú. A ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí ìyá ọkọ mi fi sílẹ̀, a fi rà á. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé a kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Ilé wa ní Ọ̀yọ́ la ti gbà á, ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ iléékéwú ti lọ síléèwé ìjọba. A lé ewúrẹ́ jáde. A bẹ ìyá tó ń gún èlùbọ́ lẹ́yìnkùlé pé kó forí jì wá di ọ̀sán. Bàbá mi jókòó sórí ẹní rẹ̀, ọkọ mi gbé rẹ́kọ́dà sórí àpótí níwájú rẹ̀, èmi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ife omi. Èmi ni mo ṣe bí ẹni tó ń kọ́ ọ. Bí bàbá mi bá ka gbólóhùn kan, yóò dákẹ́, èmi yóò sì máa fi ètè kà á láìjẹ́ kí ohùn jáde, kí àlàfo náà lè tó fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Tí mo bá parí, mo máa ń mi orí, á sì bọ́ sí èyí tó kàn. Fátíhà la kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni àwọn sùúrà kéékèèké ìparí Àlùkùránì, àti ohun tí à ń sọ nígbà tí a bá tẹ̀ àti nígbà tí a bá forí kanlẹ̀.

Ohun tí a kò ṣètò rẹ̀ náà wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Ewúrẹ́ kan padà wá ké mẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá mi sì rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sọ pé, "Ẹ má kánjú o, Ọlọ́hun ò kánjú." Ó máa ń yíjú sí mi, á ní, "Ọmọ mi, omi." Ikọ́ sì ń wá láàárín kíkà, ikọ́ kékeré gbígbẹ, kò pẹ́ kó tó lọ. Ọkọ mi fẹ́ kí a tún àwọn ibẹ̀ gbà. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní bó ṣe wà yìí, bí ìgbà tí èèyàn jókòó ti áfáà rẹ̀ gan-an ni.

Ó tà. Kí n má purọ́, ó tà ju bí a ti rò lọ. Ìyá alálùbọ́sà ló kọ́kọ́ ra tirẹ̀, ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà kó ẹlòmíràn wá. Bí o bá gba Sábó kọjá ní ọ̀sán tí ọjà ti dá, o ó máa gbọ́ ohùn bàbá mi láàárín àpò àlùbọ́sà. Wọ́n á wá bi mí ní ìbéèrè tí mo gbọ́dọ̀ gbé lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ṣé àwọn gbọ́dọ̀ ṣe àlùwàlá kí àwọn tó tẹ rẹ́kọ́dà ni? Bàbá mi ní kí wọ́n ṣe é bí wọ́n bá ráyè, bí wọn ò bá ráyè, kí wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù da tiwa kọ títí ó fi sú wọn, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ni àwọn obìnrin yẹn ń wá, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ọmọ áfáà náà wà níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo ń fi gèlè tuntun jáde.

Nígbà tó yá, bàbá mi ní òun fẹ́ wá fojú rí àwọn ọmọ kéwú òun. Ó wọ mọ́tò wá láti Ọ̀yọ́ nínú agbádá funfun rẹ̀. Ó ti rù díẹ̀, àmọ́ mo rò pé ìrìn àjò ni. Ìyá alálùbọ́sà ti gbọ́. Kí bàbá mi tó mu omi tán, wọ́n ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ kú ìrìn o, Áfáà wa," wọ́n sì ní àwọn fẹ́ kà fún un.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Fátíhà. Wọ́n kà á gaara, ẹnu wọn kò já. Omi lé sí ojú bàbá mi. Àfi bí wọ́n ṣe dé ibì kan láàárín, tí gbogbo wọn pa ẹnu pọ̀, tí wọ́n húkọ́. Wọ́n hú ikọ́ náà bákan náà, kékeré, gbígbẹ, wọ́n sì tẹ̀ síwájú. Ibòmíràn tún wà níwájú, wọ́n tún húkọ́ níbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. N kò lè dá a dúró. Ìgbà tí mo wo ojú bàbá mi ni ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi.

Ó jẹ́ kí wọ́n parí. Ó kí wọn, ó súre fún wọn. Ó wá rọra béèrè, "Ẹ̀yin ìyá mi, kí ló dé tí ẹ fi húkọ́ níbẹ̀ yẹn?"

Ìyá alálùbọ́sà ní, "Bẹ́ẹ ṣe ṣe é náà ni, Áfáà. A ò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀."

"Ṣé lórí ìrun náà?"

"Lórí ìrun náà ni, Áfáà. Lójoojúmọ́."

Ẹni tí kò bá lọ sí iléékéwú nígbà yẹn lè rò pé òpè ni wọ́n. Wọn kì í ṣe òpè. Bí wọ́n ti ń kọ́ wa nìyẹn. Ohun tí ẹnu áfáà bá ṣe ni ẹnu tìrẹ gbọ́dọ̀ ṣe, o kò gbọdọ̀ bù ú kù, o kò gbọdọ̀ bi í léèrè ìdí. Ẹni tó bá yí i padà, pàṣán ni. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ ìdajì àdúgbò wa bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin yìí gbọ́ràn sí i lẹ́nu, wọ́n gbọ́ràn ju àwa tó bí lọ.

Ó sọ fún wọn pé àìsàn ni, kì í ṣe kéwú. Ìyá alálùbọ́sà fọwọ́ lérí. "Háà! Ìrun wa ńkọ́?" Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ó ní Ọlọ́hun rí ọkàn wọn, kò sì ní ka ohun tí èèyàn kò mọ̀ sí i lọ́rùn. Ó tù wọ́n nínú títí wọ́n fi padà sídìí ọjà wọn. Kò sẹ́ni tó lè tu òun nínú. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sọ fún ọkọ mi pé, "Ìrun wọn wà lọ́rùn mi. Àwọn wọ̀nyí ni mo rí. Àwọn tó rà á lọ sí Ìlọrin àti oko ńkọ́? Mi ò fẹ́ kú kí wọ́n ṣì máa húkọ́ mi níwájú Ọlọ́hun."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Mo fi ìkanra dá a lóhùn pé kí ló dé tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí.

A tún gbé rẹ́kọ́dà lọ sí Ọ̀yọ́ láti gbà á lákọ̀tun. Ohùn náà ti lọ. Kò lè ka gbólóhùn kan dópin kí ikọ́ tó gbé e. Ó gbìyànjú ní òwúrọ̀, ó sinmi, ó gbìyànjú lẹ́yìn ìrun Àyílá. Nígbà tó di ọwọ́ alẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà lára áńkáṣíìfù rẹ̀, mo sì gba rẹ́kọ́dà náà, mo gbé e jáde. Mo ní kí a bẹ áfáà mìíràn kó bá wa kà á. Ó mi orí pé rárá.

"Èmi ni mo kọ́ wọn. Ohùn tí wọ́n gbà gbọ́ ni yóò sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Ọkọ mi ló wá rí ọ̀nà rẹ̀. Ó ní bí òun bá so rẹ́kọ́dà méjì pọ̀, tí òun ń gba ti àkọ́kọ́ sórí òmíràn, òun lè máa dá a dúró kí ikọ́ tó wọlé, kí òun sì tẹ̀ ẹ́ padà nígbà tí ó bá ti lọ. Kò ní sí ikọ́ kankan mọ́, kíkà nìkan ni yóò kù. Bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń súre fún un bí ẹni pé ó ti wo òun sàn.

Èmi dúró sí Ọ̀yọ́ láti tọ́jú rẹ̀. Àwọn dókítà ti sọ fún wa pé ẹ̀dọ̀fóró ni, wọ́n sì sọ ọ́ lọ́nà tó yé mi. Ọkọ mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń gé kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí wọ́n kéde ní Sábó àti Ọjà Igbó pé kí gbogbo ẹni tó bá ní ti àkọ́kọ́ mú un wá, òun yóò gba tuntun lé e lórí fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n mú un wá. Ẹni tó wà lóko náà fi rán èèyàn. Gbogbo ẹni tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí bàbá mi, ohun tó ń bi wọ́n kò ju, "Ṣé wọ́n ti ń mú un wá?"

Ọkọ mi mú kásẹ́ẹ̀tì mímọ́ náà wá fún un. Ó dùbúlẹ̀, ó di ojú, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ètè rẹ̀ ń lọ ní ibi àwọn àlàfo tí èmi wọ̀n. Ó ní, "Àlihamudulílàhì." Ó sùn dáadáa lóru yẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi jáde láyé. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánà kẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn fídáù, mo padà sílé ọkọ mi. Mo ní kó bá mi gbé kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jáde, ìyá gbogbo wọn, èyí tí a gbà ní yàrá bàbá mi. Mo ní mo fẹ́ gbọ́ ibi tó ti ń pè mí pé kí n gbé omi wá.

Ó ń fi sukurudíráfà de ìdè rédíò kan lọ́wọ́. Ó de é, ó tún de é, ìdè náà sì ti le tipẹ́.

"Kò sí mọ́," ó ní. "Bàbá ní kí n má ṣẹ́ ìkankan kù. Ó ní kí n búra, mo sì búra."

Mo pè é ní orúkọ tí n kò ní kọ síbí. Mo da àpótí kásẹ́ẹ̀tì nù sílẹ̀, mo sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn tí a fẹ́ tà fi jẹun. Kò dá mi lẹ́kun. Ó jókòó sáàárín wọn, ó ń sunkún, mo sì mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí, pé kò sí ẹni tí mo lè bínú sí. Ta ni n bá bínú sí, ṣé bàbá mi tó ń bẹ̀rù Ọlọ́hun ni?

Mo lọ sí Sábó. Mo rò pé nínú gbogbo wọn, ọ̀lẹ kan yóò wà tí kò mú tirẹ̀ wá. Mo ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ bí ẹni tó ń wá ọmọ. Ìyá alálùbọ́sà fà mí jókòó sórí àpò.

"Ìyàwó, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé tèmi lọ. Ẹ̀rù ìrun mi ló bà mí. Ká ní mo mọ̀ ni..." Ó mú mi lọ́wọ́. "Ẹ wò ó, ó ṣòro fún wa láti jáwọ́ ńbẹ̀. Títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, tá a bá ti débẹ̀, ọ̀fun á máa yún wa."

Mo sunkún lórí àpò àlùbọ́sà yẹn, àwọn oníbàárà ń wò mí.

A tún òfìfo rà, a sì ń tà á lọ. Kásẹ́ẹ̀tì mímọ́ náà tà ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Òun ló san owó iléèwé àwọn ọmọ wa, òun ló mú wa kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró yẹn bọ́ sí èyí tó gba èmi àti oníbàárà papọ̀. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín pé ó já gaara. Òótọ́ ni. Ọkọ mi gé ikọ́, ó gé ewúrẹ́, ó gé ẹ̀rín, ó gé omi. Ohun tó wúlò fún gbogbo èèyàn ló kù sílẹ̀, èyí tó wúlò fún èmi nìkan sì ti lọ.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin tó ẹni tí í kírun, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà síwájú rẹ̀. N kò fẹ́ kó kọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kò mọ bàbá mi, inú mi ló wà nígbà tó kú. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbọ́ ọ títí apá kan fi parí. Ó wá wò mí.

"Màámi, ṣé bàbá àgbà kì í mí ni?"

Mo ní ó ń mí.

Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó gbé etí lé rẹ́kọ́dà, ó sì ní òun ò gbọ́ kí ó mí.